Olóyè Erékùṣù àti Baálẹ̀ Orí Òkè

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ gun òkè náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ahunṣọ òfì ni bàbá mi, Mùsùlùmí tí kì í fi àsìkò ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Ṣakí ló tọ́ mi dàgbà. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ilé ìwé àwọn oníwàásù, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe ìrìbọmi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, àmọ́ láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti lè gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kó sì dá a padà ní Yorùbá láìbẹ̀rù, ìjọba kò ní jẹ́ kó jókòó sílé. Bí mo ṣe di ẹni tó ń tẹ̀ lé Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba lágbègbè wa, káàkiri nìyẹn, láti Ìsẹ́yìn dé Òkàká, láti Ìpàpó dé Ìgànná, òun lórí ẹṣin, èmi lórí ẹsẹ̀ ara mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Ajẹ́lẹ̀ tí mò ń wí yìí. Irun rẹ̀ pupa, oòrùn a sì máa bó o nímú. Kì í pariwo mọ́ àwọn aláàárù. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé bí inú bá bí i, tàbí bó bá ń dá kọrin lórí ẹṣin, èdè tó máa ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo fetí sí i títí, n kò mú ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èdè ìyá òun ni. Ó ní àárín omi òkun ni wọ́n bí òun sí, ní erékùṣù kan lápá àríwá ilẹ̀ àwọn òyìnbó, pé òun ti ń sáré kiri kí òun tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, àti pé pàṣán ni tíṣà fi kọ́ àwọn.

"Bí ẹnu wa bá ṣèèṣì sọ èdè ilé níwájú tíṣà," ó ní, "ẹgba ni."

Mo wò ó títí. Láti ìgbà tí mo ti mọ òyìnbó, n kò mọ̀ pé òyìnbó kankan wà tí wọ́n nà kó tó gbọ́ èdè òyìnbó.

Ogun ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó lọ́hùn-ún nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìròyìn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, àti iyọ̀ tó wọ́n gógó lọ́jà. Àṣẹ méjì ni ìjọba fi rán Ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú orí òkè. Èkíní ni pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tuntun. Èkejì ni pé kí Baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ọmọkùnrin kan láti ìdílé rẹ̀, kí ìjọba fi í sí ilé ìwé ní ìlú ńlá, kó máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi mọ̀wé. Ìlú mìíràn gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, òmíràn ráhùn kí wọ́n tó gbà. Baálẹ̀ kan ṣoṣo ni kò fèsì rárá. Ìlú rẹ̀ wà lórí òkè kan tó dá dúró gedegbe láàárín ọ̀dàn, lápá ọ̀nà Ṣakí sí Ìgànná. Lásìkò ọyẹ́, bí èèyàn bá ń bọ̀ láti òkèèrè, orí àpáta nìkan ni yóò máa rí, àti èéfín ilé ìdáná tó ń rú níbẹ̀.

A dé ìdí òkè náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àwọn ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ti ń dúró dè wá pẹ̀lú iṣu, ẹyẹ awó àti ìkòkò oyin. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dọ̀bálẹ̀.

"Baálẹ̀ ní ká kí yín káàbọ̀," ó ní. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, àwọn ò lè sọ̀ kalẹ̀."

Akọ̀dà, ìránṣẹ́ ìjọba tó bá wa lọ, pòṣé. Ó ní kí n sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé ìgbéraga ni, pé kó rán ọlọ́pàá lọ gbé bàbá náà wá. Mo sọ ọ́ bó ṣe wí. Ajẹ́lẹ̀ gbójú sókè wo àpáta náà.

"Ta ló wá sílé ẹnìkejì?" ó bi wá. "Èmi ni mo wá. Èmi ni màá gùn ún."

Ọ̀nà náà kò gba ẹṣin. A fi ọwọ́ di koríko mú, a fi orúnkún tẹ òkúta. Ibì kan wà láàárín àpáta méjì tó jẹ́ pé ìhà lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sanra kò lè kọjá níbẹ̀. Lókè ibẹ̀ gan-an ni wọ́n to òkúta ńláńlá jọ sí, èyí tí wọ́n ń yí lu àwọn jagunjagun láyé ogun. Koríko ti hù láàárín àwọn òkúta náà, aláǹgbá sì ń yáàrùn lórí wọn. Ajẹ́lẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ó sọ nǹkan kan sẹ́nu ní èdè ìyá rẹ̀, kó tó máa gùn lọ.

Baálẹ̀ wà lórí awọ ẹfọ̀n níwájú ilé rẹ̀, àwọn ìjòyè yí i ká. Èèyàn gíga ni, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ kan ti funfun, ṣùgbọ́n èyí tó kù ń ríran ju ojú méjì ẹlòmíràn lọ. Àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun ló máa ń ṣáájú àwọn ọkùnrin ìlú bí iṣẹ́ tàbí ìjà bá dé. Baálẹ̀ wo Ajẹ́lẹ̀ tó ń mí gúlegúle, tí òógùn ti rẹ ẹ̀wù mọ́ lára.

"Ẹ fún un lómi," ó ní. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ògbufọ̀, sọ fún un pé ẹsẹ̀ ò dùn mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á gun òkè ni."

 Mo wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni yóò gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí. Ajẹ́lẹ̀ gbé agbè omi kúrò lẹ́nu, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé tó ń yọjú lẹ́nu ilé fi sá.

Kí á tó débi ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá, òjò ti ṣú. Ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àpáta sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀. Bí a ṣe sùn sílé Baálẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ràn, omi dúró sínú kòtò àpáta káàkiri, àwọn obìnrin sì ń fi igbá bù ú. Wọ́n gbé egbo àti oyin síwájú wa. Baálẹ̀ ń sọ bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe kó ìdílé rẹ̀ gun òkè yìí nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń lé wọn láti Ọ̀yọ́ Ilé, àti bí òun fúnra òun ṣe yí òkúta nígbà tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n òun. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka ohun tó wà nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi Ajẹ́lẹ̀ pé ta ni baálẹ̀ ìlú tirẹ̀.

"Kò sí mọ́," ni Ajẹ́lẹ̀ dáhùn. "Àmọ́ olóyè kan wà láyé ọjọ́un. Ìyá mi ní ìdílé rẹ̀ làwọn ti wá. Èmi náà gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà ni."

"Sọ ọ́," ni Baálẹ̀ wí.

Ajẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìbọn ni olóyè náà ti jẹ. Erékùṣù púpọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò fi ẹṣin jagun, ọkọ̀ ojú omi ló ní, ọkọ̀ gígùn tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi àjẹ̀ wà, tí wọ́n tún ta aṣọ sókè kí atẹ́gùn máa tì í lọ.

"Báwo ni òkun yẹn ṣe tóbi tó?" Baálẹ̀ bi mí.

Èmi náà kò tíì rí òkun rí. Mo ní kí Ajẹ́lẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ká wo odò Ògùn lọ́jọ́ tó bá kún bo bèbè, ká wá rò ó pé a wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí a kò sì rí òdìkejì.

Baálẹ̀ mi orí. "Ó yé mi. Òkun yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ajẹ́lẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní nígbà tí olóyè náà wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ gbé e fún olóyè mìíràn láti tọ́, torí àṣà wọn ni, kí ìdílé méjì lè di ọ̀kan. Àwọn ìjòyè mi orí sí i. Kò ṣàjèjì sí wọn, kò sì ṣàjèjì sí èmi. Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àbúrò bàbá rẹ̀ sì jókòó sórí oyè. Nígbà tó dàgbà, òun àtàwọn ọmọ alágbàtọ́ rẹ̀ kó ọkọ̀ jọ, wọ́n lé àbúrò bàbá náà kúrò, ó sì gba ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn ìjòyè hó yèè. Baálẹ̀ fi ojú kan wo àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Olóyè náà jọba dáadáa. Orí òkìtì koríko kan ló ti ń dájọ́, gbangba ojú ayé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ lè gbọ́. Màlúù ló fi ń ta àwọn akéwì lọ́rẹ, àlejò kì í sì í jẹun tán nílé rẹ̀ kí wọ́n tó tún bu òmíràn. Ṣùgbọ́n ọba méjì ló ń sọ pé àwọn ló ni erékùṣù wọ̀nyẹn. Ọ̀kan wà lókè òkun níbi jíjìn, òun ni wọ́n ti ń sìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èkejì wà nítòsí, lórí ilẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Olóyè a kúnlẹ̀ fún ọ̀kan, a tún kúnlẹ̀ fún èkejì, a wá padà sílé lọ máa ṣe bó ṣe wù ú.

Baálẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Bí a ṣe ṣe é nìyẹn! Àwa ń sin Ọ̀yọ́, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sì tún jókòó sí wa lọ́rùn. Bàbá mi a fi iṣu ránṣẹ́ síbí, a fi oyin ránṣẹ́ sọ́hùn-ún."

"Ọba tó wà nítòsí wá ra erékùṣù náà lọ́wọ́ ọba tó jìnnà," ni Ajẹ́lẹ̀ wí.

"Ó rà á?" Baálẹ̀ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. "Pẹ̀lú àwọn èèyàn tó wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n bi wọ́n?"

"Wọn ò bi wọ́n."

 Ajẹ́lẹ̀ ní nígbà tó yá, ọba náà ránṣẹ́ pe olóyè pé kó wá bá òun jẹun láàfin. Ìyàwó olóyè sọ fún un pé bó bá lọ, ó ti wà lọ́wọ́ ọba, bí kò bá sì lọ, wọn á ní ó ṣọ̀tẹ̀. Ó lọ. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀, wọ́n ti mú un. Ó pẹ́ lẹ́wọ̀n. Ìgbà tí ọba máa tú u sílẹ̀, ó ní kó fi àkọ́bí rẹ̀ dógò, kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí òun lè mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò ní jagun mọ́. Olóyè gbà. Ó padà sílé, kò sì jagun mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó fi òkúta kọ́ ilé àdúrà kan sétí omi, ibẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí. Ọkọ̀ yòówù tó bá ń bọ̀, yóò dìde wò ó.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?" Baálẹ̀ bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé ó padà wálé?"

 Ajẹ́lẹ̀ wo inú igbá egbo rẹ̀.

"Ó wálé nígbà tí wọ́n fẹ́ sin bàbá rẹ̀," ó ní. "Aṣọ ọba ló wọ̀. Ó ti gbàgbé èdè ilé. Ìyá rẹ̀ ń kí i, kò gbọ́. Ògbufọ̀ ló dúró láàárín òun àti ìyá tó bí i."

N kò lè sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dúró lágbede méjì. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rí ìyá tèmi ní Ìsẹ́yìn, bí a ṣe máa ń kí ara wa bí mo bá padà láti Ṣakí, bó ṣe máa ń sọ fáwọn aládùúgbò pé èdè mi ti yàtọ̀, tí wọ́n á sì fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ parí.

Baálẹ̀ dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n óò rí i lórí ìdúró. Ó rìn lọ sí etí àpáta, ó wo ìsàlẹ̀ títí. Nígbà tó padà, ó ní, "Ògbufọ̀, mo mọ ohun tí ìjọba fi rán an. Ẹnu akọ̀dà kì í gbé ọ̀rọ̀ mọ́ra, a ti gbọ́. Wọ́n fẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ọmọ. Bi í pé ká ní òun ni olóyè yẹn, ṣé ì bá lọ?"

Mo bi í. Ajẹ́lẹ̀ ronú.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Bí ọmọ yẹn kò bá lọ ni, bóyá èmi ì bá má wà níbí. Ìdílé rẹ̀ ló di èèyàn ìjọba títí ó fi kàn mí. Ilé olóyè ṣì wà níbẹ̀, kò ní òrùlé, àgùntàn ló ń sùn sínú rẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún yín pé mo mọ èyí tó dára."

"Ó dáa," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ máa lọ ná."

Akọ̀dà ń kùn títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ó ní a gun òkè lásán, a kò gba ìdáhùn. 

A kò gbúròó wọn títí iṣu tuntun fi jáde. Lọ́jọ́ kan ìránṣẹ́ dé Ìsẹ́yìn, ó ní Baálẹ̀ ní ká wá wo ilé òun. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí òkè tí a ní láti gùn mọ́. Baálẹ̀ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí wọ́n ń rí òrí nínú èso rẹ̀, ó wọ agbádá òfì àlàárì, àwọn ọmọkùnrin sì ń po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri ilé rẹ̀ ti ga dé orúnkún. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú gbogbo ìlú. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ló sọ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun, ó sì ń dúró níbi gbogbo tó bá rí obìnrin tó ń sunkún, á kí i, á tún máa lọ.

"Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fà mí sọ̀," ó ní fún mi. "Èmi ni mo rìn."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ìjọba kan èèkàn sí ló kọ́lé sí. Ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gan-an. Ẹ̀bá odò kékeré kan ni òun yàn, níbi tí oko wọn wà látijọ́. Ajẹ́lẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká, ó wo omi, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi tí èèkàn wà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wọ́n tu, ó kó wọn wá, àwọn tó ń po amọ̀ sì fi wọ́n dáná.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé Baálẹ̀. Ìṣojú mi ni àbúrò rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, tó dúró lórí ìdúró láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "òkè tó gbà wá lẹ ta nù yìí?"

"N ò ta á nù. Òkè dára fún ẹni tí wọ́n ń lé," Baálẹ̀ fèsì. "Ta ló ń lé wa báyìí?"

"Àwọn tó ní ká sọ̀ kalẹ̀ ni."

 Mo rí i lójú Baálẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àbúrò rẹ̀ yí padà, ó gun òkè lọ, òun àti ìdílé bíi mélòó kan tó fara mọ́ ọn. Ajẹ́lẹ̀ bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo sọ ọ́ fún un. 

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ-ọmọ Baálẹ̀, ọmọ àrẹ̀mọ rẹ̀, ni ìjọba ní lọ́kàn. Baálẹ̀ ní òun kò ní fi í ránṣẹ́ síbikíbi.

"Ìwé dára, mo gbà," ó ní. "Kí ìwé máa bọ̀ wá bá a níbí. Kó kà á lọ́sàn-án, kó sì sùn sílé ìyá rẹ̀ lálẹ́. Ẹ fún wa ní tíṣà." Ó yíjú sí mi. "Eléyìí ńkọ́? Ó mọ èdè wọn, kò sì tíì gbàgbé tiwa."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ajẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ìgbà tí mo parí ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ajẹ́lẹ̀ wò mí, ó ní ọwọ́ mi ló kù sí, pé òun kò ní dí mi lọ́nà.

N kò gbà lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìjọba gbayì, àwọn òbí ọmọbìnrin a máa wo ògbufọ̀ bí ẹni iyì. Mo lọ bá bàbá mi nídìí òfì. Mo rò pé yóò ní kí n má fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró, ó ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ sọ́tùn-ún sósì.

"Níbi tí o wà báyìí," ó bi mí, "ọ̀rọ̀ ta lò ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ wọn ni, Bàbá. Tòyìnbó, àti tàwọn baálẹ̀."

"Bí o bá di tíṣà ńkọ́?"

 Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo kó ẹrù mi lọ sí ìlú tuntun náà. Àwọn oníwàásù ní Ṣakí fún mi ní síléètì àti ìwé a-bí-dí, Baálẹ̀ sì ní kí wọ́n kọ́ yàrá gbọọrọ kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n pe Ajẹ́lẹ̀ lọ sógun. Ó wá dágbére fún wa. Òun àti Baálẹ̀ jókòó lábẹ́ igi ẹ̀mí, wọ́n ń mu ọtí ọkà bàbá, kò sì sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo ní láti túmọ̀. Nígbà tó dìde, ó bọ Baálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi èdè ìyá rẹ̀ sọ gbólóhùn kan fún un.

"Kí ló wí?" Baálẹ̀ bi mí.

"Mi ò gbọ́ èdè yẹn, Baba."

"Mo gbọ́ ọ," ni Baálẹ̀ wí. Ó sì súre fún un.

A kò gbúròó Ajẹ́lẹ̀ mọ́. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e nípò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ bóyá ogun pa á tàbí ó padà sáàárín òkun rẹ̀.

Baálẹ̀ lo ọdún díẹ̀ sí i. Ó máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé láàárọ̀, á tẹ́ awọ ẹfọ̀n rẹ̀, á máa gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kà. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: n kò gbọ́dọ̀ na ọmọ kankan torí ó sọ Yorùbá. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, á ní kí n tún ìtàn olóyè yẹn sọ. Ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ nígbà tó yá. Bí mo bá fo ibì kan, á ní, "O ò tíì sọ ti ìyàwó rẹ̀." Ó fẹ́ràn ibi tí ìyàwó ti kìlọ̀. Ó ní obìnrin yẹn nìkan ló rí ọ̀nà méjèèjì, kò sì sí èyí tó dára níbẹ̀, ó sì ní láti wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ.

Àìsàn tó mú Baálẹ̀ kò gùn. Nígbà tó rí i pé òun ń lọ, ó pe àrẹ̀mọ rẹ̀ àti èmi, ó ní kí wọ́n sin òun sínú ilé tí òun kọ́ sísàlẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé òkú òun padà sókè, ìdajì ìlú ni yóò tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ yóò sì tún máa pọn omi gun àpáta.

Ọjọ́ tó kú ni àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ìlú tuntun láti ọjọ́ tó ti bínú lọ. Àwọn géńdé tó tẹ̀ lé e ti gbé igi tí wọ́n máa fi gbé òkú dání.

"Òkè la ti ń sin àwọn baálẹ̀ wa," ó ní. "Mo wá gbé ẹ̀gbọ́n mi."

Àrẹ̀mọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá kékeré, bàbá mi fúnra wọn ló sọ ọ́. Ilé yìí ni wọ́n ní ká sin àwọn sí."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ mi. Mo sọ ohun tí Baálẹ̀ wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti omi pípọn náà kò gbẹ́yìn.  A rò pé ìjà ni yóò bẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò Baálẹ̀ bọ́ agbádá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó di ọkọ́ mú.

"Ẹ mú un wá," ó ní. "Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ bó ṣe fẹ́ràn kí ilẹ̀ jinlẹ̀ tó."

Òun ló gbẹ́ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí amọ̀ pupa fi dé èjìká rẹ̀, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú kòtò, ohùn jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìkan. Nígbà tí wọ́n parí ìsìnkú, ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lódò, ó padà sókè. Ibẹ̀ ló gbé títí òun náà fi kú. A máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ó sì máa ń gbà á.

Àrẹ̀mọ ló jẹ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ ọmọbìnrin ìdílé kan níbẹ̀, mo bímọ, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Ọmọ-ọmọ tí ìjọba fẹ́ mú lọ, èmi ni mo kọ́ ọ ní a-bí-dí. Ó kàwé, ó lọ síbi tó jìnnà láti kà sí i nígbà tó dàgbà, ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ. Ó ń wá sílé. Bó bá dé, ìyá rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ gbogbo ọdún fún un lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, òun náà á sì máa fèsì, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí.